Ọjọ́ Tí Mo Tú Ilẹ̀ Màámi ní Ìbà

Òórùn pẹtiróòlù àti ti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu òjò ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ Sátidé yẹn. Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì létí oko ẹ̀fọ́ Màámi, lẹ́yìn ẹ́sítéètì Ìbà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú àgbàrá. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ wà níwájú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, àyà mi sì ń já. Kí n má parọ́, àyà mi kì í pẹ́ já. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá mi.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó nídìí. Màámi ti ṣubú lẹ́nu géètì wa, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán, koríko sì ti bo oko. Ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń tọrọ ilẹ̀ náà kó lè máa sá búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Bàbá Onílẹ̀, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀jọ́ tó fi ilẹ̀ náà yá wa, wá kìlọ̀: "Ìyá Moyọ̀, mi ò lè máa wo koríko. Tí mo bá kírun Àsárì tán ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, màá yà síbí. Tí ilẹ̀ yìí ò bá tíì ṣe é gbìn, mo ti fún oníbúlọ́ọ̀kù nìyẹn." Inú ẹ̀fọ́ ilẹ̀ yẹn ni ọbẹ̀ wa ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìwé àti bàtà ilé ẹ̀kọ́ mi ti ń wá.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ládùúgbò ló ni ẹ̀rọ náà. Ó máa ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Sátidé àti Sọ́ńdè yẹn ló kàn wá. Òjò sì ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Màámi bu ilẹ̀ díẹ̀, ó fún un mọ́wọ́ òsì, ó sì fi àtàǹpàkò tì í. Kò fọ́.

"Kò tíì yá, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀," ló wí. "Jẹ́ ó di ọ̀la." Ó bá lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Mi ò lè dúró. Kì í ṣe àìgbọràn, ẹ̀rù ni. Mo rò pé tí ilẹ̀ yẹn bá bọ́, ọrùn mi ni ẹ̀bi rẹ̀ máa wà, torí ọwọ́ tèmi kò kán. Mo ti máa ń wo bí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣe ń lò ó dáadáa. Mo ṣí ẹnu pẹtiróòlù, mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ bú ramúramù. Mo fún irin ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni fún búréèkì kẹ̀kẹ́, ni àwọn abẹ rẹ̀ tó tẹ̀ bí èékánná bá ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọ́ mi lọ bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Mo fà á sẹ́yìn, ó fà mí síwájú. Nígbà tí mo fi jọ̀wọ́ rẹ̀, mo ti tú ìlà kan tó lọ́ bí ejò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń dán bí ọ̀rá.

Oòrùn ọ̀sán sá ẹrẹ̀ náà gan. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ògúlùtu. Oníbúlọ́ọ̀kù fẹsẹ̀ ta ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo nǹkan! Moyọ̀, o ti di ọmọṣẹ́ mi? Tìrẹ mà le ju tèmi lọ, èmi ṣì ń ra sìmẹ́ǹtì!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Màámi. "Bọ̀dá, ẹ má tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un o. Ọmọ mi ò tíì kọ́ṣẹ́ yín tán." Mo ń retí ìfọ́tí. Ó kàn mú ògúlùtu kan lé mi lọ́wọ́: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Gbá a mú, kí o mọ bó ṣe le." Ìtìjú tó bá mi pọ̀ ju ìyà lọ, torí kò bínú rárá.

Ní Sọ́ńdè, Màámi tí kì í pa ìsìn jẹ fi sùtánà funfun rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ọlọ́run mọ̀nà oko," ló wí. A jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó tún bu ilẹ̀, ó fún un, ó fi àtàǹpàkò tì í. Ilẹ̀ náà fọ́ wẹ́wẹ́ bí àkàrà òwúrọ̀.

Ó dúró tì mí. "Má fà á. Dẹ ọwọ́. Tí o bá fẹ́ kó jẹlẹ̀, tẹ ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn á gún ilẹ̀, á dá a dúró. Tí o bá fẹ́ kó rìn, gbé e díẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó dúró jẹlẹ̀. Mo gbé e, ó rìn. Ẹ̀rọ tó wọ́ mi nílẹ̀ lánàá ń bá mi rìn bí ọ̀rẹ́. Koríko ń wọlẹ̀, ilẹ̀ dúdú ń jáde, àwọn lékeléke sì tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń ṣa ekòló. Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Títí dòní mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Orí ìlà ìkẹyìn ni mo wà nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì.

Bàbá Onílẹ̀ dé, oníbúlọ́ọ̀kù tẹ̀ lé e. Ó ti ọ̀pá rẹ̀ bọlẹ̀, ọ̀pá wọlé bí ẹni ki ṣíbí bọ gàárì.

"Ta ló tú u?"

Màámi na ọwọ́ tí wọ́n dì sí mi.

"Ọmọ yìí?" Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó kọjú sí oníbúlọ́ọ̀kù: "Ọ̀gá, ẹ lọ wá ilẹ̀ síbòmíràn." Ọ̀pá rẹ̀ bá kọlu ìlà ògúlùtu àná. "Èyí ńkọ́?"

"Ilé ìwé ọmọ mi nìyẹn, Bàbá," ni Màámi dáhùn.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo ti ṣe agùnbánirọ̀, mo ṣì ń wáṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ń wo fóònù mi láàárín wákàtí kan, mi ò fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ náà, ní Okokomáìkò. Ìyàwó oníbúlọ́ọ̀kù wà nínú wọn. Òun náà ló ń kánjú jù. "Antí Moyọ̀, ṣé ká fa okùn rẹ̀?"

Mo bu ilẹ̀, mo fún un. Kò fọ́. Gbogbo wọn ń wò mí, àyà mi sì ń já bíi ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ọjọ́ kìíní. Ọmọ yẹn ì bá ti fa okùn.

"Ẹ jẹ́ ká jókòó," ni mo wí. Mo jókòó, wọ́n jókòó. Nígbà tí ilẹ̀ fọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọ̀sán, mo dìde, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré.