Gègé Ẹlẹ́nu Tínrín

Bàbá ni gbogbo ilé ń pe ọkọ mi, èmi náà pẹ̀lú. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ó ń wà lọ sí ibi iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó kú, ọkọ̀ náà jókòó sí iwájú ilé ọmọ wa ní Lokogoma, ní Àbújá, níbi tí mo ń gbé, fún ọdún méjì gbáko. Ológbò aládùúgbò ń bímọ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tí rélùwéè Ìdú sí Kàdúná ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ìdú rí i, ó sì fẹ́ rà á. A ta ọkọ̀ Bàbá fún un, a fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé ní Èkìtì, nínú oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì. Kò bímọ. Oko yẹn ni ó fi ṣe ọmọ. Etí rẹ̀ ti di, fóònù kò wúlò fún un mọ́. Bí o bá pè é, “Hẹ̀n? Hẹ̀n?” ni yóò máa wí títí kírẹ́díìtì rẹ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, ó sì mọ̀wé jù mí lọ. Kíláàsì kẹta ni wọ́n ti mú èmi kúrò ní ilé ìwé kí n lè máa pọn ọmọ ẹbí wa kan. Òun ka ìwé mẹ́fà parí. Ìyókù tí mo mọ̀, òun ni ó kọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́, lórí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná, pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Bí lẹ́tà kan bá yẹ kó ní àmì kékeré lábẹ́, tí mo gbàgbé rẹ̀, yóò fi ìgbálẹ̀ náà gbá mi lọ́wọ́.

“Fi ẹsẹ̀ sí i! Ohun tí kò ní ẹsẹ̀, báwo ni yóò ṣe rìn?”

Ẹsẹ̀ ni òun ń pe àmì náà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, mo ra súwẹ́tà fún un, mo sì ní kí ọmọ ọmọ mi obìnrin, èyí tí ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, bá mi kọ ìwé tí yóò bá a lọ. Ọmọ Àbújá ni. Ó gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ ìròyìn ilé, títí kan ọkọ̀ Bàbá tí a tà, ó kọ. Ó fi ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wọn tẹ̀ ẹ́, ó mọ́ tónítóní bí ìwé ìjọba. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, inú mi dùn. Kò sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ojú mi kò sì wá a.

Obìnrin ará ìlú wa kan, òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó máa ń lọ sí ilé ní oṣooṣù, ni ó bá wa gbé e lọ. Òun náà ni ó gbé súwẹ́tà padà dé, nínú ọ̀rá tí mo fi dì í.

“Ìyá, wọ́n ní kí n dá a padà fún yín.”

“Ṣé kò bá wọn mu ni?”

“Wọn ò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ wò. Wọ́n ní kí n bi yín léèrè, oko bàbá tí ẹ tà, tí ẹ fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe, ṣé ẹ ta àwọn náà mọ́ ọn ni?”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Oko kè? Ìgbà tí ó yé mi, ẹ̀rín náà gbẹ. Ọkọ̀ ni mo sọ, oko ni ẹ̀rọ kọ. Bàbá tèmi ni mo ní lọ́kàn, bàbá tiwa ni ẹ̀gbọ́n mi kà.

“Ṣé ẹ ò ṣàlàyé fún wọn ni?”

“Mo pariwo sí wọn létí títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní ẹnu lásán ni. Wọ́n ní ìwé ni ẹ fi sọ ọ́ fún àwọn, ìwé ni kí ẹ fi tú u, kó sì jẹ́ ọwọ́ yín, àwọn mọ ọwọ́ yín.” Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá, wọ́n ti lé àwọn alágbàṣe lọ. Ebè kan ṣoṣo kò sí lóko. Wọ́n ní àwọn ò lè kọ ebè sínú oko olóko. Wọ́n ti di ẹrù wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.”

Ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́fun. Arúgbó tí ó ju mí lọ, tí kò ní ibòmíràn, tí ó jókòó ti ẹrù rẹ̀, tí ó ń retí ẹni tí yóò wá lé e. Ìgbà iṣu sì ń lọ. Bí ebè kò bá sí, kí ni yóò gbìn? Kí ni yóò jẹ lọ́dún tí ń bọ̀? Orúnkún mi kò lè gba ìrìn àjò Àbújá sí Èkìtì mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá lọ wólẹ̀ fún un.

Ọmọ ọmọ mi fẹ́ jà díẹ̀. “Màmá, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ nà. Ta ló máa ta oko?”

“O kọ oko, wọ́n ka oko. Èwo ni ẹ̀bi wọn níbẹ̀?”

Ó ní, “Sọ́rì, Màmá.”

Mo mú báírò. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, làkúrègbé ti wọ ìka mi láti bí ọdún mélòó kan. Báírò, àfi kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Mo kọ ìlà kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìka mi ń ta mí. Àwọn ẹsẹ̀ tí mo fi sí i, òmíràn kò hàn, òmíràn fò lọ sórí ìlà kejì. Bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, mo lè ta ilé mọ́ oko.

Ọmọ náà ń wò mí. Ó ní, “Màmá, ọ̀gá mi ní báǹkì, fáńténì pẹ́ẹ̀nì ni wọ́n ń lò. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Ó kàn ń yọ̀ lórí ìwé ni.”

“Gègé onítàdáwà lò ń sọ. Tíṣà wa ní ọ̀kan.”

“Tàdá kí ni?”

“Tàdáwà. Omi dúdú tí a fi ń kọ̀wé. Ẹ̀yin ń pè é ní íńkì.”

Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láàárín ìlú. Nínú àpótí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ gègé sí bí òkú ọlọ́lá. Mo gbé ọ̀kan, ó wúwo bí ọmọ odó. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Owó rẹ̀ tó àpò ìrẹsì kan àti epo rẹ̀.

Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń tajà jẹ́ kí n fi kọ ọ̀rọ̀ kan wò.

“Ah, Mọ̀mí, a kì í tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ o.”

“Ìwọ ra bàtà rí láìwọ̀ ọ́ wò?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ èyí tí ó wà fún àpẹẹrẹ. Mo kọ *ọkọ̀*. Ó yọ̀ lóòótọ́, ìka mi kò ta mí. Ṣùgbọ́n tàdáwà rẹ̀ pọ̀, inú *ọ* dí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ìdin. Gègé ẹni tí ń sáìnì orúkọ ni, kì í ṣe gègé ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. A dúpẹ́, a jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo ní ọjọ́ ilé ìwòsàn ní Gwagwalada, nítorí ọwọ́ yìí náà. Nígbà tí wọ́n tọ́jú mi tán, mo rí bàbá Hausa kan lábẹ́ agbòòrùn, tí ó pàtẹ ìwé àti gègé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gègé onítàdáwà wà nínú ike kan, oníke ni gbogbo wọn, iṣẹ́ Ṣáínà.

“Sànnu, Mama.”

“Yauwa, sànnu.”

Ó ti gbé Ìlọrin rí, Yorùbá rẹ̀ ń rọ́ lẹ́sẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń rìn. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ yàn, kò sì kanjú. Mo ya páálí kan, mo tú omi inú ọ̀rá sínú ìdérí ìgò, mo ń ti ẹnu gègé bọ omi, mo fi ń kọ̀wé sórí páálí náà. Ojú ibi tí omi bá tutù sí yóò sọ fún ọ bí ẹnu gègé ṣe fẹ̀ tó. Mo kọ *oko*, mo kọ *ọkọ̀*.

Ó wò mí títí. “Mama, oko, oko, oko. Oko mélòó lẹ fẹ́ rà?”

“Ọ̀kan ni oko níbẹ̀, bàbá. Ìyókù, mọ́tò ni.”

“Kai!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú agbòòrùn dání.

Èyí kẹrin ni ó bá mi mu. Ẹnu rẹ̀ tínrín. Ó fúyẹ́, ìdérí rẹ̀ dún *pó* nígbà tí mo dé e. Kínní kan wà nínú rẹ̀ tí a ń yí, tí ń fa omi bí ẹ̀fọn. Mo fa omi sí i, mo gbọ̀n ọ́n sórí ìró mi, kò jò. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ wá. Mo wá ní, “Tàdáwà ńkọ́?”

Ojú rẹ̀ tàn. “Tawada! Ẹ̀yin Yorùbá náà ń pè é bẹ́ẹ̀? Akwai, Mama, ó wà!” Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé ìgò kékeré kan jáde, ó ní ti òun fúnra òun ni, kò gba owó rẹ̀. Mo dé ilé pẹ̀lú ayọ̀. Mo kọ “Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n”, ó dúdú, ó dára. Mo ní kí n kọ ìlà kejì, gègé kò sọ̀rọ̀ mọ́.

“Ó ti kú, Màmá,” ni ọmọ náà wí.

Mo gbóòórùn rẹ̀. Oje igi ni, àti dúdú ìdí ìkòkò. Mo bá jókòó. Tàdáwà wáláà ni bàbá Hausa yẹn fún mi, èyí tí àwọn ọmọ ilé kéwú fi ń kọ sára pátákó. Mo sọ tàdáwà, ó fún mi ní tàdáwà. Irú oko àti ọkọ̀ mìíràn tún nìyẹn, kò sì sí ẹni tó purọ́. Mo wá rántí àwọn ọmọ kéwú àdúgbò wa nígbà èwe mi: bí wọ́n bá kà á tán, omi ni wọ́n fi ń wẹ wáláà. Ohun tí omi ń wẹ̀ kúrò lára pátákó, kí ló dé tí kò ní wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́fun gègé? Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń fà á, mo ń tú u, mo ń fà á, mo ń tú u, bí ẹni ń fọ ikùn ẹja, títí omi fi mọ́. Ọmọ náà ra íńkì onígò láti ilé ìtàwé lọ́jọ́ kejì.

Mo fi òwúrọ̀ kan gbáko kọ ìwé náà. Gègé náà ń lọ jẹ́jẹ́, n kò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kọ nìyí:

“Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọyẹ́. Ọkọ̀ ni a tà, ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí ọkọ mi ń wà. Mo fi ẹsẹ̀ méjì sí i, ẹ wò ó dáadáa, ó ti rìn lọ sí Ìdú. Oko bàbá wa kò ní ẹsẹ̀, kò lè rìn lọ sí ibì kankan. Ibi tí ẹ bá a náà ni ó wà. Ẹ tú ẹrù yín.”

Ará ìlú wa gbé e lọ. Ìgbà tí ó padà dé, ó gbé iṣu mẹ́ta wọlé, ó sì mú bébà kan tí wọ́n ká kékeré jáde nínú báàgì rẹ̀. Pẹ́ńsù ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ ọ́, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ pé:

“Mo rí ẹsẹ̀ méjèèjì. Sọ fún ọmọ oníbáǹkì yẹn kó wá, ìgbálẹ̀ mi ṣì wà. Ìwọ ti kọ ìwé, èmi náà ti ń kọ ebè. Fi súwẹ́tà mi ránṣẹ́ kíá, òtútù ń pa mí.”