Ojú-Àṣá àti Ẹ́ńjìnì Mẹ́ta Tó Yọ́

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Mẹkáníìkì ni. Ojú-Àṣá ni a ń pè é, torí wọ́n ní nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó lè dúró lẹ́bàá títì kó sọ fún ọ pé nọ́ọ̀tì kan ti já lábẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré kọjá. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni. Orúkọ náà ṣáà mọ́ ọn lára, kò sì sí ẹni tó ń gba orúkọ padà lọ́wọ́ àgbà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Àwọn kan wà tí ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wà kò tó wọn. Wọ́n á ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní súpáchájà, wọ́n á dè é mọ́ orí ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì á máa yí i, òun náà á máa fipá ki atẹ́gùn bọ ẹ́ńjìnì lọ́fun. Ọkọ̀ á wá máa han bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Inú wọn á dùn. Ohun tí wọn kì í rò ni pé bí atẹ́gùn bá wọlé, epo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ tí epo kò tó, iná inú ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà, písítìnì á yọ́ bí àbẹ́là. Bí epo bá sì pọ̀ jù, ọkọ̀ á máa wúkọ́, èéfín dúdú á máa jáde nídìí rẹ̀. Àárín méjèèjì ni Ojú-Àṣá ń tà.

Bó ṣe ń wá àárín náà rèé. Á gbé ọkọ̀ jáde sí ọ̀nà àtijọ́ tó gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì, á tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, á pa á lójijì lẹ́nu eré, á jẹ́ kó yí lọ títí yóò fi dúró. Á tú púlọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń tan iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, á gbé e sójú oòrùn. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá funfun, epo kò tó. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Bó bá pupa rúsúrúsú bí èèpo búrẹ́dì, iṣẹ́ ti parí. Àwọn idẹ wẹ́wẹ́ kan wà nínú àpótí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ihò wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni epo ń gbà kọjá. Ihò òmíràn há, ti òmíràn fẹ̀. Bó bá fẹ́ kí epo pọ̀ sí i, á yọ èyí tó há, á fi èyí tó fẹ̀ síbẹ̀. Ó tán. Àwọn tó kàwé ń fi wákàtí mẹ́ta sọ ohun kan náà.

Ogójì ọdún ló fi ṣe é, ẹ́ńjìnì kan kò yọ́. Lẹ́yìn náà, láàárín ọdún kan ṣoṣo, mẹ́ta yọ́.

Ti alápatà ló kọ́kọ́ yọ́. Ojú-Àṣá ní epo tí alápatà ń rà, wọ́n ti bu omi là á. Ti oníbúrẹ́dì tẹ̀ lé e. Ó ní ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì wúwo jù. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì: ọwọ̀ ìgbálẹ̀ sanra jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ni ti bíríkìlà. Ó ní písítìnì rẹ̀, ayédèrú ni. Ojú-Àṣá fúnra rẹ̀ ló lọ rà á.

Gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú ni. Nǹkan kan bí awọ ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ohun tó funfun sì ti di rúsúrúsú lójú rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó funfun bí èèpo ẹyin, á gbé e sókè, á ní ẹ wò ó bó ṣe dára. Èmi tí mo ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i. Ẹni tó ń ṣe wáyà ọkọ̀ ní òdìkejì rí i. A ò sọ. Ta ló fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ojú rẹ̀ ti lọ? A bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ́ńjìnì ẹlẹ́ńjìnì mẹ́ta la fi bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A wà lọ́jà o. A jókòó, à ń wo orí tó ń wọ́, a tún ń kí ìyá ọmọ pé ẹ kú ewu.

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ jù wá lọ. Alágbàfọ̀ ni, aṣọ nọ́ọ̀sì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń fọ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ ti ń ráhùn pé ṣẹ́ẹ̀tì òun kì í mọ́ mọ́, pé ó dà bí ohun tí wọ́n fi omi tíì ṣan. Obìnrin náà pààrọ̀ ọṣẹ. Ó pààrọ̀ omi. Ó bá ẹni tó ń ta ọṣẹ jà débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ra aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tuntun, kò tíì yọ ọ́ nínú ọ̀rá tí ọkọ rẹ̀ fi ní kó lọ tún un fọ̀. Ó lọ bẹ ọlọ́ṣẹ. Kò sọ nǹkan kan fún ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ń wá ọ̀nà tí òun á gbé e gbà. Oṣù mẹ́rin ló fi ń wá ọ̀nà.

Ìgbà náà ni Àbígbẹ̀yìn gbé ọkọ̀ tirẹ̀ dé.

Àbígbẹ̀yìn ni ọmọ tí wọ́n bí kẹ́yìn, obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ló ń gbé ọmọ kéékèèké lọ jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Bóyá ìyẹn ló yí i lórí. Ó wá ọkọ̀ àlòkù kan, ó de súpáchájà mọ́ ọn, ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun á bá àwọn ọkùnrin sáré ní pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ tí ọkọ̀ òfurufú kankan kì í balẹ̀ sí mọ́. Ọjọ́ Túsìdè ló gbé e wá fún bàbá rẹ̀ kó bá a to epo rẹ̀. Ó tún mú ẹ̀rọ kékeré kan wá, wọ́n ní ó máa ń wo èéfín, á sì sọ bóyá epo tó. Bàbá rẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́, ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì alápatà yọ́, ó ń ṣe fáàrí níwájú ilé àwọn àna rẹ̀ ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ti Àbígbẹ̀yìn, lójú eré ni yóò yọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá yọ́ lójú irú eré bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì á tú sábẹ́ táyà, ọkọ̀ á sì lọ síbi tó bá wù ú. Ọmọ wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìyàwó Ojú-Àṣá fi aṣọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú omi lọ́sàn-án Ọjọ́rú nìyẹn. Kò wá ọ̀nà mọ́.

A ti wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì kó tó dé. Wọ́n ní kí n wá wo táyà. Àbígbẹ̀yìn ti sáré lẹ́ẹ̀kan, ó ti pa ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ti tú púlọ́ọ̀gì. Mo wò ó. Funfun báláú.

"Èèpo búrẹ́dì," Ojú-Àṣá wí. "Ó ti pé. Jẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

Ọmọ náà wo púlọ́ọ̀gì. Ó wò mí. Mo wo táyà. Kò sí ohun tó ń ṣe táyà.

"Ẹ ṣé, Bàbá mi," ọmọ náà wí.

Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀kọ́ náà ni ìbá pa á.

Ìyá rẹ̀ dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán omi. Kò kí ẹnì kankan. Ó gba púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó tú gèlè funfun tó máa ń wé ṣiṣẹ́, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Bàbá Àbígbẹ̀yìn, ẹ bá mi wò ó. Èwo ló pupa ju ìkejì lọ?"

Ojú-Àṣá wò ó, ó tún yí i sójú oòrùn. "Kò séyìí tó ju ìkejì. Bákan náà ni."

"Kí ni àwọ̀ wọn?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Èèpo búrẹ́dì."

"Gèlè mi náà?"

"Gèlè rẹ ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ọ pé o kì í ṣan aṣọ dáadáa mọ́."

Àbígbẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, ó tún yára gbé e mì.

Obìnrin náà kò bínú. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọ aṣọ nọ́ọ̀sì," ó wí. "Wọn ò dá ẹyọ kan padà fún mi rí. Tí gèlè yìí bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá mọ́, ẹ ṣí àpótí yín."

Ojú-Àṣá gba gèlè náà. Ó fi àtàǹpàkò pa á, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn ọṣẹ. Ó tún wo púlọ́ọ̀gì. Mo mọ ohun tó ń rò, torí kì í ṣe òmùgọ̀. Bí aṣọ bá mọ́, púlọ́ọ̀gì funfun. Bí púlọ́ọ̀gì bá funfun, kò sómi nínú epo alápatà, ẹsẹ̀ oníbúrẹ́dì kò wúwo, písítìnì bíríkìlà kì í ṣe ayédèrú. Ìṣirò náà kò le. Gbígbé e mì ló le.

"Àbígbẹ̀yìn," ó wí. "Ìwọ náà rí i pé ó funfun?"

"Mo rí i, Bàbá mi."

"O sì fẹ́ gbé e lọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá délé, màá rọra pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò ní mọ̀."

"Èwo lo máa fi síbẹ̀?"

Ó bojú wo àpótí. Èyí tó bá ṣáà bọ́ sí i lọ́wọ́ ni.

Ojú-Àṣá wá kọjú sí mi, ó béèrè bóyá èmi náà rí i. Mo ní mo rí i. Ó ní láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà ti alápatà. Èébú tó bú mi, n kò ní kọ ọ́ síbí. Kò sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ó ṣí àpótí. Ó ní kí ìyàwó òun dúró síbẹ̀, kó máa bá òun wo púlọ́ọ̀gì. Obìnrin náà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnì. Ọkọ rẹ̀ ní ta ló bi í léèrè ẹ́ńjìnì, àwọ̀ ni òun ń béèrè.

Ó fi jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ sáré, ó pa á, wọ́n tú púlọ́ọ̀gì.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ìyàwó rẹ̀ yí i wò bí ẹni ń wá àbàwọ́n. "Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà, tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kò tó." Ó tún pààrọ̀. Ọmọ tún sáré.

"Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé, ó ti wọ̀ ọ́ dé Ọjọ́rú."

"Ó ń bọ̀."

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, obìnrin náà mi orí. Ó ní èyí ti di ti awakọ̀ ẹlẹ́rù tó gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìjókòó, ọṣẹ lásán kò lè ràn án. Ojú-Àṣá ní epo ti pọ̀ jù nìyẹn. Ihò tó ń wá wà láàárín èyí àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, kò sì sí nínú àpótí. Ló bá mú jẹ́ẹ̀tì kan tó há, ó fi irin tín-ín-rín gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀. Ó dijú ṣe é. Ó ń yí irin náà láàárín ìka méjì, ó ń fi èékánná wò ó, ó tún ń yí i. Ohun tí ojú ń bà jẹ́ látọdún tó kọjá, ọwọ́ ò mọ̀ sí i.

Ọmọ tún sáré. Ìyá rẹ̀ wo púlọ́ọ̀gì pẹ́.

"Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yín," ó wí. "Ní Fúráìdè, kí n tó fọ̀ ọ́."

"Ìyá Àbígbẹ̀yìn, mo bẹ̀ ọ́. Ṣé èèpo búrẹ́dì ni, àbí òun kọ́?"

"Èèpo búrẹ́dì ni."

Ojú-Àṣá ní kí ọmọ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́ta yòókù. Ó béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí èmi náà wò wọ́n. Mo wò wọ́n, mo sì sọ òótọ́. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ márùn-ún ló sáré, wọ́n ń yà padà níbi àgbá tó wà lópin pápá. Ojú-Àṣá dúró létí pápá, ó dorí kodò, ó ń gbọ́. Kò lè dá ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín eruku, kò sì díbọ́n pé òun lè dá a mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Ó ti yà níbi àgbá," ó wí. "Ó ti tẹ̀ ẹ́. Ó ń bọ̀. Ó ti kọjá wa. Ó ti ń dúró."

"Ó dúró fúnra rẹ̀?"

"Ó dúró fúnra rẹ̀. Ó ń ṣílẹ̀kùn."

Ipò kẹrin ni Àbígbẹ̀yìn ṣe. Ẹ̀rọ tó ń wo èéfín ló wà nínú ọkọ̀ ẹni tó gba ipò kìíní. Kò sí ẹni tó ń bi wá. Wọ́n tú púlọ́ọ̀gì Àbígbẹ̀yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, rúsúrúsú ni gbogbo wọn. Ó gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ wálé ní odindi, ó gbé ara rẹ̀ wálé pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń bọ̀, Ojú-Àṣá ní kí a yà lọ́dọ̀ alápatà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Epo rẹ ìjọ́sí," ó wí, "kò sómi nínú rẹ̀."

Alápatà ní kí ló wá yọ́ ẹ́ńjìnì òun nígbà náà.

"Èmi ni."

Ó ní kó gbé e wá ní Mọ́ńdè, òun á tún un ṣe, ìyàwó òun á sì wà níbẹ̀. Alápatà kò mọ ohun tí ìyàwó fẹ́ ṣe nídìí ẹ́ńjìnì, kò sì rí ẹni ṣàlàyé fún un. A lọ sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó tún sọ ọ́ níbẹ̀. Bíríkìlà kò sí nílé. Ó ní ká dúró dè é. A dúró dè é títí ó fi dé, ó sì sọ ọ́ fún òun náà.

Ilé ìwòsàn ti ní àwọn lè yọ awọ ojú náà. Ó ní òun ń rò ó. Ìyàwó rẹ̀ ti mú ọjọ́ fún un.

Ìrẹsì àti ẹja díndín ló jẹ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Ìyàwó rẹ̀ yọ egungun ẹja fún un, Ojú-Àṣá kò sì ní kó má yọ ọ́.