Ẹ̀rọ Tí Kò Mu Omi Mọ́ ní Ọ̀fà

Ojú irin kò dé Òsì, kò dé Ìlọ́fà, kò sì dé Ìsọ̀lọ̀-Òpin tí wọ́n bí mi sí. Ọ̀fà ló sún mọ́ wa jù, a ó sì gba Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́ kọjá ká tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn àgbà Òpin ṣe ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní àwọn ọdún bíi 1970 sókè, ẹ ó rò pé ẹ̀yìnkùlé wọn ló ń gbà.

Àwọn ọmọ wọn ló fà á. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Zaria, ọkọ̀ náà ló sì ń kó wọn lọ. Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sókè Ọya kì í ráyè yà sílé, nítorí náà ilé ló máa ń lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ìdílé á di iṣu, gààrí àti ẹ̀gúsí, wọ́n á lọ dúró sí ìdíkọ̀ Ọ̀fà, wọ́n á sì kí ọmọ wọn lójú fèrèsé. Ìpàdé ojú fèrèsé là ń pè é. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti parí ìjà tọkọtaya níbẹ̀. Mo ti rí bàbá kan tó nàró lórí ìka ẹsẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí láti ilẹ̀, tó sì súre ìgbéyàwó fún un tán pátápátá.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ló fún wa láyè. Èédú ló ń jẹ, omi ló ń mu, Ọ̀fà sì wà lára ibi tó ti máa ń mu ún. Wọ́n á yí ọ̀pá omi ńlá sí i lórí, omi á máa ya wọnú rẹ̀, ẹni tó ń koná á sọ̀kalẹ̀ wá ra ẹ̀kọ àti àkàrà. "Ẹ má kánjú, ó ṣì ń mu" ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa. Àwọn kọ́ọ̀ṣì onípákó tó ń fà tún ní fèrèsé tó fẹ̀, tí wọ́n lè rẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá. Apẹ̀rẹ̀ iṣu á gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ ọwọ́ á gba ibẹ̀ jáde, ìyá àgbà á gbé e jó, á kì í, á dá a padà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí Èkó. Ìyá mi ló yẹ kó lọ wẹ ọmọ náà, ṣùgbọ́n igi wó lu bàbá mi lóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ náà tó san, ọmọ ti ń jókòó. Lẹ́yìn èyí la gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ yóò sì wọ ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé e lọ.

"N kò wẹ̀ ẹ́," ni ìyá mi wí fún mi. "N kò fi omi gbígbóná nà án lẹ́sẹ̀. Kí n sáà pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀yìn mi mọ̀ ọ́n."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn ní Ìlọrin nígbà náà, ìsinmi ni mo wá lò nílé, nítorí náà èmi ni mo bá a ru iṣu. Òun fúnra rẹ̀ mú ọ̀já tuntun dání, kíjìpá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Obìnrin kan tó ń ta obì lórí pèpéle ìdíkọ̀ Ọ̀fà, tó ti mọ̀ wá tipẹ́, rí i lókèèrè.

"Ìyá Òpin! Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ọkọ̀ lẹ tún dé!"

"Kí ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣe?" ni ìyá mi fèsì. "Ohun tó ń mu omi bí ẹṣin, tó ń rú èéfín bí ilé tó ń jó! Ẹ̀yin ẹ máa wọ̀ ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Fún gbogbo ọdún tó ti ń wá síbẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà rí.

Nígbà tí ọkọ̀ yọ, a kò rí èéfín dúdú. Ẹ̀rọ tuntun ló ń fà á, ó gùn gbọọrọ bí àpótí, ó ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Àwọn kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti di onírin, òkè fèrèsé wọn nìkan ló sì ṣí. Ọmọ kò lè gbabẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọmọ sí ìyá mi.

Ìyá mi gba ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ró aṣọ lé e, ó fi ọ̀já gbà á yí ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ta á ní kókó lábẹ́ ọmú bí ẹni tó ń lọ oko ọ̀nà jíjìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jó díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ rọra o, ṣé wọn ò ní pẹ́ lọ?"

Bàbá arúgbó kan láti Òkè-Òpin, tó ń wá ọmọ tirẹ̀ kiri, ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí mu."

Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. A kọjú sí ọ̀pá omi, à ń dúró kí wọ́n yí i. Kò sí ẹni tó ronú pé epo ni ẹ̀rọ yìí ń mu, kì í ṣe omi.

Gáàdì fọn fèrè, ó ju àsíá. Ọkọ̀ mì tìtì.

"Màmá! Ọmọ mi o!"

Ìyá mi ki ọwọ́ bọ ìdí kókó ọ̀já, kókó kò tú. Kíjìpá tuntun ni, ó ti fún mọ́ ara rẹ̀. Gáàdì ké sí i pé, "Ìyá, ẹ gòkè! Ẹ gòkè tọmọtọmọ!" Ọkọ̀ kò tíì yára ju ìrìn àgbàlagbà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkùnrin kan fà á lápá, èmi tì í nídìí, ó sì wọlé. Bàtà rẹ̀ kan jábọ́ sẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró lórí pèpéle pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu àti bàtà ẹyọ kan. Obìnrin olóbì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ̀n mú. "Iṣu ló yẹ kó lọ, ìyá ló yẹ kó dúró. Ẹ ti gbé e sódì!"

Mo fi iṣu sílẹ̀ fún un, mo wọ ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sí Ìlọrin, níbi tí ọkọ̀ ojú irin yóò tún ti dúró.

Nígbà tó yá, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ wọn, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé, "Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

"N kò lọ ibì kankan. Ọmọ ni mo pọ̀n."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ẹ jókòó nígbà náà."

"Bí mo bá jókòó, á jí."

Kò jókòó. Ó di irin mú, ó ń mì bí ọkọ̀ ṣe ń mì, ó sì ń rọra kì ọmọ náà títí wọ́n fi wọ Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fara balẹ̀ tú kókó náà, ìyá mi sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọ sì bá ọkọ̀ lọ.

Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì ìdíkọ̀, ẹsẹ̀ kan wà nínú bàtà, ọ̀já wà lórí itan rẹ̀.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó sùn," ni ó wí. "Láti Ọ̀fà dé ibí. Ó tilẹ̀ tọ̀ sí mi lára." Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi kí n wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá rántí. "Uṣu dà?" Bẹ́ẹ̀ la ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa. Mo ní ó wà lọ́wọ́ olóbì. "Kó jẹ ẹ́," ni ó wí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará Òpin ń bú ẹ̀rọ tuntun pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, pé ó ti ba ìpàdé ojú fèrèsé jẹ́. Ìyá mi gbọ́ wọn tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ bí èkejì sí Èkó, tí òun àti ọmọ tún ń ti ibẹ̀ padà sí Kàdúná, ìyá mi ránṣẹ́ sí mi ní Ìlọrin pé kí n wá pàdé òun ní Ọ̀fà, kí n sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì òun sílẹ̀, láti Ọ̀fà dé Ìlọrin. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá àgbà mìíràn ní Òpin fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀. Olóbì yẹn a máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́, a sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn ní ohùn ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò:

"Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

Wọ́n á dáhùn pọ̀ pé àwọn kò lọ ibì kankan.