Màmá Tó Kí Dókítà Kú Iṣẹ́

Òórùn sípíríìtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní yàrá kékeré tí a ti ń gba mùdùnmúdùn eegun, ní ọsibítù tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń rántí yìí, òórùn mìíràn bá a wọlé: ti obì tútù àti ewé tí a fi ń dì í. Ara màmá àgbà kan láti àdúgbò Ijoku ló ti ń wá. Láti ìgbà ọmọge ni màmá ti ń ṣa obì sínú agbọ̀n, ọṣẹ kankan ò sì lè bọ́ òórùn ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lára màmá yìí. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára lónìí, kì í pẹ́ tí ojú wọn á tún fi funfun. Àfi ká gba díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun ìdí wọn wò ká tó lè mọ oògùn tó tọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú òkùnkùn la wà. Màmá sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ wọn obìnrin ló sọ ìdí ẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà: "Àwọn tó wá lọ́jọ́ yẹn ò kí màmá. 'Ẹ tú aṣọ' ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn." Ìwọ náà ṣáà mọ àwa Yorùbá. Ẹni tó jókòó lásán, a ó kí i kú ìjókòó. Kí èèyàn wá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ lu eegun ìyá àgbà, kó má lè sọ pé ẹ káàárọ̀?

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Màmá wò mí títí. "Ọmọ mi, bí ẹ bá mú mùdùnmúdùn yìí lọ, kí ló máa kù tí màá fi dìde?" Mi ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo ní kò ní ju ẹ̀kún ṣíbí kékeré lọ, ara á sì ṣe òmíràn dípò ẹ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ á ta wọ́n, lẹ́yìn náà ibẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ìgbà tí dókítà bá ń fà á, á dùn wọ́n, oògùn ò sì lè pa ìyẹn tán. Irọ́ bíi 'kò ní dùn yín' wọ́pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa, mo sì kórìíra ẹ̀. Màmá ní, "Ó dáa. Dúró níbi tí mo ti lè rí ẹ."

Wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ká orúnkún mọ́ àyà. Dókítà wà lẹ́yìn wọn, èmi dúró síwájú, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ń sọ ohun tí dókítà fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Dókítà yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni. Abẹ́rẹ́ ńlá tí a fi ń gba mùdùnmúdùn kì í déédéé wọ eegun. Ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, òógùn bò ó. Màmá gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn. Ni wọ́n bá fi ohùn Rẹ́mọ wọn sọ pé, "Dókítà, ẹ kú uṣẹ́ o."

Ọwọ́ dókítà dúró. "Ẹ ṣeun, mà," ó ní. Lẹ́yìn náà ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ẹ kú ìfaradà. Mo fẹ́ fà á báyìí." Ó fà á. Màmá fún ọwọ́ mi débi pé ìka ń ro mí, omi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò mira rárá.

Mo tẹ ojú ibẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, mo fi báńdéèjì dì í, mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ara wọn lè máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń yọjú wò wọ́n lọ́sàn-án yẹn, ìkíni tí wọ́n kí dókítà ò kúrò lọ́kàn mi. Àwa tí a dúró la rò pé à ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló ṣe èyí tó nira jù, òun náà ló tún rántí kí wa. Àánú gbogbo àwọn tó ti gba yàrá yẹn kọjá láìsí ẹni tó kí wọn ṣe mí.

Èsì dé, a mọ àìsàn náà, oògùn sì wà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn ò tètè yá. Ó pẹ́ gan-an kí n tó gba Ijoku kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo rí màmá níwájú ilé, agbọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń ṣa obì. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, mi ò tíì kí wọn. Wọ́n gbójú sókè.

"Nọ́ọ̀sì, èmi lẹ gún nídìí, ẹnì kan ò gún ẹ lẹ́nu. Kí mi."

Mo kúnlẹ̀ sáàárín èèpo obì, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Láti kékeré ni mo ti ń kí èèyàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ adùn ẹ̀, torí pé iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ ẹni tí mò ń kí.