Ìbọn Inú Àwòrán Ìyá Rẹ̀

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kírun ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù parí iṣẹ́ ńlá. Nínú àwọn àwòrán ogun àgbáyé kejì tí àwọn ẹbí kó wá sí mọ́ṣáláṣí wa, ó dá oríṣiríṣi ìbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń fọ́ tánkì mọ̀ yàtọ̀ síra.

Ọwọ́ ni í kọ́kọ́ fi bo ojú àwọn ọmọ ogun kó tó wo ìbọn. Ó máa ń sọ pé, “Ohun tó wù wá là ń rí lójú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí irin sọ tirẹ̀.”

Àwòrán tirẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un, ló fi ṣe ìkẹyìn. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré pé bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàbá tó kú sógun Abisíníà ní ọdún 1941 kí ọ̀rẹ́ mi yìí tó mọ̀ ọ́n. Ó fọwọ́ bo ojú ọmọ ogun náà. Ọ̀pá ìbọn náà gùn, kókó irin sì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Alàájì, tíì yín ti tutù o,” ni mo wí fún un.

“Wọn ò tíì rọ irú ìbọn yìí nígbà tí bàbá mi kú.”

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, jàre. Ta ni yóò mọ̀?”

“Èmi ńkọ́?”

Ó ká ọwọ́ kúrò, ó wo ojú àjèjì náà bí ẹni ń dágbére, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán pé a kò mọ ẹni yìí. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ramadan ló kó gbogbo àwòrán náà lé ilé-ìkàwé àdúgbò lọ́wọ́.