Gẹ̀ẹ́sì Tí Ìyá Àgbà Fi Yorùbá Kọ́ Mi

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí wà lọ́mọge, tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí orúnkún mi kò sì tíì máa sọ fún mi pé òjò ń bọ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló dúró sáàárín èmi àti yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ má bi mí léèrè ìṣirò. Ìṣirò kò lẹ́nu, kò lè bá èèyàn fa ọ̀rọ̀. Báyọ́lọ́jì ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n débi pé bí ìyá mi bá ń jẹ ẹja, èmi á máa pe orúkọ egungun ibẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi ní kí n dìde níwájú àwọn. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò àtiwọ yunifásítì, bí èèyàn mọ ohun gbogbo tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàn ń da omi sínú agbọ̀n ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni Gẹ̀ẹ́sì gbé mi ṣubú. Iṣẹ́ apòògùn ni mo sì ti fọkàn sí láti kékeré.

Káfíńtà ni bàbá mi, ará Ìjẹ̀bú tó wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ Ìkòsì, níbi tí odò ti máa ń wá kí wa nínú ilé lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìdánwò kejì, wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, “Ẹ̀kẹta yìí ló kẹ́yìn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá tún gbé ẹ ṣubú, o ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Alápẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀yin ò mọ àǹtí yẹn, ẹ dúpẹ́. Aránṣọ tó mọṣẹ́ ni wọ́n, kò sí àní-àní. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ẹnu wọn ni. Bí àǹtí bá ń bú ọmọ iṣẹ́ ní Alápẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wọkọ̀ ní Ketu á ti máa bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀.

Mo wá múra. Ní lẹ́sìn tí mo ń lọ ní Ketu, tíṣà wa gbà pé ọ̀rọ̀ ńláńlá ló ń gbé máàkì wá. Mo gbé dikíṣọ́nárì, mo bẹ̀rẹ̀ láti A, mo ń há a sórí bí ẹni ń há Sáàmù. Nígbà tí mo fi dé D, A ti jò dànù. Bí wọ́n bá fún wa ní àyọkà láti kà, màá kà á wàràwàrà bí ẹni tí ajá ń lé, màá parí, n kò sì ní lè sọ bóyá ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tàbí ìsìnkú.

Oníbàárà bàbá mi kan, lọ́yà tó wá gbé àga, ló wá dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jí nílé òun, òun náà ni wọ́n fi ń sùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ òun fi ń yege. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá mi ti ṣòfin: kò gbọ́dọ̀ sí Yorùbá mọ́ nínú ilé wa títí n ó fi ṣèdánwò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ilé wa pa rọ́rọ́. Bàbá mi fúnra wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀ kò ju ti ẹnu iṣẹ́ lọ: ínṣì, fíìtì, kọ́mù, gó, fíníìṣì. Ìyá mi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, wọ́n sì gbọ́ Hausa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, ọ̀rọ̀ á kún inú wọn, wọn ò ní ríbi dà á sí. Wọ́n á jáde lọ bá àwọn aládùúgbò, wọ́n á rò ó tán, wọ́n á wá wọlé padà pẹ̀lú “Good evening.” Àǹfààní kan péré tí a rí nínú òfin náà ni àdúrà oúnjẹ. Tẹ́lẹ̀, bí bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, ẹ̀bà á ti le kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Nísinsìnyí, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, “God, thank you for food. Amen.” Ọwọ́ á ti dé inú àwo.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀. Ẹnu wọn nìkan ló kù tó ṣì ń rìn, òun náà ni ọmọ wọn wá sé mọ́lé. Wọ́n sì ti ní ẹjọ́ kan lọ́rùn bàbá mi tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, omi dé bá wa lójijì. Bàbá mi kọ́kọ́ sáré kó pákó iṣẹ́ wọn lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, kí wọ́n tó padà wá pọn ìyá àgbà, tí wọ́n ti gbé gun orí tábìlì. Bí bàbá mi ṣe ń la omi kọjá, ìyá àgbà ń kígbe lẹ́yìn wọn fún gbogbo àdúgbò gbọ́: “Ẹ wá wò ó o! Pákó ló kọ́kọ́ gbé! Èmi tí mo bí i, èmi ni mo ṣe ìkejì pákó!” Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, ìyá àgbà á ní, “Lọ kọ́kọ́ bi pákó.”

Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí ìyá àgbà gbọ́ láyé ni “Good morning.” Nítorí náà, wọ́n kúkú panu mọ́, wọ́n ń fi ojú bú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Bàbá mi ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò tí wọ́n máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan kí wọn láti ìta, wọ́n yíjú sí fèrèsé, wọ́n ń dá a lóhùn, áyọ́ọ̀nù sì wà lórí ṣòkòtò. Ìyá àgbà rí èéfín. Wọ́n rántí òfin. Wọ́n nawọ́, wọ́n ké, “Good morning!”

Bàbá mi kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Good morning, Mama.”

“Good morning! Good morning o!”

Inú bàbá mi dùn gan-an, wọ́n rò pé ìyá àwọn ti ń gbádùn èdè náà. Nígbà tí òórùn fi máa dé imú wọn, ihò tó wà ní ìdí ṣòkòtò ti tó ẹnu ife. Wọ́n figbe ta, wọ́n bi ìyá wọn pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà la ẹnu tí wọ́n ti dì láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ní, “Mo sọ fún ẹ. Èdè tó o fẹ́ ni mo fi sọ fún ẹ.”

Bí wọ́n ṣe tún òfin ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nìkan ló láṣẹ láti sọ Yorùbá. Háà! Ìyá àgbà di ọba lóòjọ́ kan náà. Gbogbo wa ń jà du ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyá mi á jókòó tì wọ́n, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ bá mi bi ọmọ yín o, ṣé lọ́yà yẹn kì í bá ìyàwó ẹ̀ jà ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń jà?” Bàbá mi tó wà níbẹ̀ náà á dáhùn, “Màámi, ẹ sọ fún ìyàwó yín pé mo ti gbọ́.”

Èmi náà gbé ìwé mi lọ síbẹ̀, kí ahọ́n mi lè sinmi díẹ̀. Ìyá àgbà ní kí ni ìwé náà ń sọ. Àyọkà ọkùnrin kan tó bá báàgì olówó iyebíye nínú ọkọ̀ ojú irin ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé ìwọ alára. Ta ló ni báàgì?” N ò mọ̀. “Ta ló ń sọ̀rọ̀?” N ò mọ̀. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ló le. Ìyá àgbà ní, “Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Padà lọ kà á.” Ojú tì mí. Mo padà lọ kà á.

Ó wá di àṣà wa. Bí mo bá ka àyọkà kan, mo gbọ́dọ̀ wá rò ó fún wọn bí ìtàn, ìyá àgbà á sì fi ìbéèrè lọ̀ mí kúnná. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni, “Ta ni kò sí níbẹ̀?” Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn kàn wá. Wọ́n ní, “Bí o bá dé ibi tí mọ̀lẹ́bí ti ń ṣèpàdé, má wo àwọn tó wá. Ẹni tí kò wá gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ pèpàdé.”

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àyọkà ìdánwò kì í parí. Inú ìwé mìíràn ni wọ́n ti ń gé e, ibi tó bá sì ti ń dùn ni ọ̀bẹ wọn máa ń dé. Ìyá àgbà á ní, “Ìyókù dà?” Màá ní ó tán. “Ó tán bí? Ọlọ́pàá ṣì ń kanlẹ̀kùn! Ṣé ẹni tó kọ ọ́ kú sẹ́nu iṣẹ́ ni?” Kí n lè ráyè sinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyókù kiri. Mo ń yá ìwé ìtàn lọ́wọ́ tíṣà, mo ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà, mo sì ń bẹ alákàrà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ojú ewé tó kàn di tọ̀la fún mi. Kí n tó mọ̀, n kò ṣí dikíṣọ́nárì mọ́. Bí mo bá pàdé ọ̀rọ̀ ńlá kan, àwọn tó yí i ká á bá mi tú àṣírí rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo ṣí ìwé ìbéèrè, kí ni mo rí? Omi. Odò kún, ó bo abúlé kan, gbogbo ará abúlé sì sá gun orí òkè. Ọkùnrin kan dé òkè, ó wo àwọn èèyàn yíká, ló bá yíjú padà, ó tún wọnú omi lọ. Omi mù ún dé àyà, ibẹ̀ ni wọ́n gé e sí. Wọ́n ní kí ló mú un padà? Nínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n ní ká yàn nínú rẹ̀, ọ̀kan ní ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ lọ kó, ọ̀kan ní orí rẹ̀ ti dàrú, ọ̀kan sì ní ìyá rẹ̀ ló ń wá lọ. Kò síbi tí àyọkà ti sọ ọ́ ní tààrà.

Mo fẹ́ mú ti ẹrù. Ẹ dárí jì mí, ọmọ bàbá mi ni mí, pákó ni mo rántí. Ni mo bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà létí mi gbangba: ta ni kò sí níbẹ̀? Mo padà sí òkè àyọkà. Ìyàwó ọkùnrin náà wà lórí òkè. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ajá rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fi ẹnu ba ìyá arúgbó kan nínú ilé rẹ̀ tí kò lè dá rìn, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín bú yọ lẹ́nu mi nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó ń ṣọ́ wa sì wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Nígbà tí mo délé, ìyá àgbà kò bi mí bóyá ìdánwò dára. Wọ́n ní, “Ìtàn wo ni wọ́n fún yín?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bàbá mi ń gé igi lọ́wọ́, wọ́n dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí omi ti mu ọkùnrin náà dé àyà, mo dákẹ́, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n dé. Ìyá àgbà di etí ìró wọn mú.

“Ṣé ó gbé ìyá ẹ̀ jáde?”

Mo wo orúnkún wọn. Mo wo bàbá mi, tí ayùn dúró lọ́wọ́ wọn. Mo ní, “Ó gbé e jáde, Ìyá. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.”

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. “Ṣé o gbọ́? Kò gbé pákó.”

Èsì dé, mo yege, máàkì Gẹ̀ẹ́sì mi gan-an ló sì ga jù. Bàbá mi sunkún, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ gbogbo oṣù tí wọ́n ti kó pa mọ́ sínú, ó gbà wọ́n títí di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí omi tún dé lọ́dún yẹn, bàbá mi kò bojú wo ibi tí pákó wà. Ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ pọ̀n. Igi tó dáa bíi mélòó kan sì bá odò lọ, ìyá àgbà ń nawọ́ sí i láti ẹ̀yìn ọmọ wọn: “Pákó ẹ ń lọ o! Ṣé o ò ní mú un?” Ẹ̀rín ni bàbá mi ń rín nínú omi. Kí n tó parí yunifásítì ni ìyá àgbà lọ, lórí ẹní wọn, lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbẹ dáadáa. Mo ṣì máa ń sunkún wọn.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ń múra ìdánwò kan náà báyìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, orí fóònù ló sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Bó bá tẹ ìdáhùn, fóònù á sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ta ni kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì dùn lẹ́nu rẹ̀ ju tèmi lọ. Yorùbá ló ń wọ́ ọ lẹ́nu, torí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣòfin bàbá mi láì tiẹ̀ kéde rẹ̀. Mo ń jókòó tì í nírọ̀lẹ́, mo ní kó máa rò ó fún mi ní Yorùbá. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń rò ó.

Lọ́jọ́ tí mo sọ ìtàn omi yìí fún un, ó ní, “Grandma, so did he actually save her?” Mo ní àyọkà kò sọ. Ó ti fa fóònù yọ. “Grandma, ẹ jẹ́ kí n search ẹ̀. Ìwé yẹn máa wà online, two minutes.”

Mo na ọwọ́, mo gba fóònù náà, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì.

“Fi sílẹ̀,” mo ní. “Ó gbé e jáde. Mo ti sọ fún ìyá àgbà.”