Búráósà Méjì àti Fìlà Bàbá Tíṣà

Ìgbóná abẹ́ láptọ́ọ̀pù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan àwọn ọdún tí mo fi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìyànà Ìbà. Bí mo bá gbọ́wọ́ lé e, ńṣe ló dà bíi pé ibà ń ṣe é. Iṣẹ́ mi kò ju kí n bá èèyàn tẹ̀wé, kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀, kí n sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì wọ orí pọ́tàlì, ìyẹn ojú òpó ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ògbóǹtarìgì ni mo ka ara mi sí nígbà náà. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé kò sí wàhálà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a kì í yanjú níbí. Bí mo bá pàdé ẹni tó kọ nǹkan yẹn lónìí, màá bá a sọ̀rọ̀ gidi.

Nínú àwọn oníbàárà mi ni bàbá kan wà, ará Èkìtì, tó ṣe tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì kọ́lé sí Ìbà. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́dọọdún, ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn á ní kí wọ́n wá sórí pọ́tàlì wá fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà wọ́n á wojú kámẹ́rà. Ẹni tí kò bá ṣe é títí ọjọ́ fi pé, owó rẹ̀ dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó yẹn ni Bàbá fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò ní ímeèlì. Bí a ṣe máa ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà nígbà náà, ímeèlì tèmi ni mo fi ṣí àkáǹtì wọn. Bí ìkìlọ̀ bá ti dé sọ́dọ̀ mi, màá pè wọ́n lórí fóònù kí wọ́n máa bọ̀.

Pọ́tàlì yẹn ló ń dá wa lágara. Búráósà méjì, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, ló wà lórí ẹ̀rọ mi, àtijọ́ kan àti tuntun kan. Inú àtijọ́ nìkan ni fọ́ọ̀mù náà ti máa ń ṣí. Bí mo bá fi èyí tuntun ṣí i, ojú ìwé á kàn funfun báláú. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan kámẹ́rà, àtijọ́ á ní òun kò rí kámẹ́rà kankan, tuntun ló máa rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló wá fi àfikún kékeré kan hàn mí, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kísíténṣọ̀n. Inú búráósà ni wọ́n ń fi sí. Ọfà kékeré kan á yọ lókè, bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé tí o wà níbẹ̀ á ṣí nínú búráósà kejì. Bí o bá sì tẹ líǹkì inú ímeèlì, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé inú búráósà wo ni kí òun ti ṣí i. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó ráyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì ní Òkòkòmáíkò láàárọ̀ Mọ́ńdè. N kò wá mọ̀wọ̀n ara mi. Mo ṣètò rẹ̀ pé kí àtijọ́ máa fúnra rẹ̀ ju ojú ìwé kámẹ́rà sí tuntun, kí tuntun náà máa ju fọ́ọ̀mù padà sí àtijọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa ti pọ́tàlì ni Bàbá dé, bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa lọ́rùn, fìlà òfì lórí, tó wọlẹ̀ dé ìpéǹpéjú bíi ti ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí. A parí fọ́ọ̀mù wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó ṣe kan kámẹ́rà, àfikún mi jù wá sí búráósà tuntun. Tuntun kò mọ̀ wá rí, ó ní ká wọlé lákọ̀tun. Nígbà tí a wọlé, fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ fi hàn wá, àfikún bá rí fọ́ọ̀mù, ló bá jù wá padà. Àtijọ́ rí i pé a ti parí fọ́ọ̀mù, ó sún wa sí kámẹ́rà, ó tún jù wá síwájú. Búráósà méjèèjì ń gbá Bàbá sí ara wọn bíi bọ́ọ̀lù, mo ń tẹ ibí, mo ń tẹ ọ̀hún. Nígbà tó yá, pọ́tàlì kọ ọ́ pé ẹlòmíì ń lo orúkọ yìí lọ́wọ́, ká ní sùúrù. Àwa náà ni ẹlòmíì ọ̀hún. Inú bí mi débi pé ẹkún fẹ́ẹ̀ gbọ̀n mí.

“Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?” Bàbá bi mí.

“Òun ni, sà. Ẹ má bínú, sà.”

Irọ́ ni mo pa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan. Mo tú gbogbo ètò tí mo ṣe ká, mo fi ọwọ́ ara mi gbé ojú ìwé náà lọ sínú tuntun. Kámẹ́rà tàn, ojú Bàbá yọ. Pọ́tàlì ní òun kò rí ojú yìí dáadáa. Mo yí láptọ́ọ̀pù sí fèrèsé, mo fi etí aṣọ nu kámẹ́rà, mo tẹ ọfà lọ sí àtijọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́ padà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Búráósà ni mo ń bú. Ohun tó bo iwájú orí Bàbá kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, Ọlọ́run nìkan ni àgbàlagbà ń ṣí fìlà fún, ọmọdé kì í ní kí wọ́n ṣí i. Kì í tún ṣe pé mo rò ó tí ẹ̀rù bà mí. Lójú mi, fìlà yẹn wà lára orí Bàbá ni.

Lọ́sàn-án, wọ́n mú iná lọ, fáànù dúró. Bàbá mí kanlẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara wọn.

“Èmi tí mo kọ́ àìmọye ọmọ níwèé, èmi ni mo jókòó tí mo ń bẹ ẹ̀rọ kó gbà pé mi ò tíì kú.”

Wọn kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú ìwé fi yí padà sí àwọ̀ ewé. Pọ́tàlì ti rí wọn. Mo wo fìlà, mo wo kọ̀ǹpútà. Bàbá náà wò ó.

“Ṣé mo ti wà láàyè báyìí?”

“Ẹ ti wà láàyè, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò tètè rẹ́rìn-ín, nítorí inú pọ́tàlì ń bí mi, pé kò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ pé ká ṣí fìlà. Láti ọdún yẹn, ẹnu ọ̀nà ni Bàbá ti máa ń ṣí fìlà wọn, wọ́n á gbá a mọ́ àyà, wọ́n á wá jókòó síwájú ẹ̀rọ. N kì í fẹ́ rí i.

Ọmọbìnrin wọn ló wá sọ fún mi nígbà tó yá pé Bàbá ti lọ. Ó fẹ́ ká fi tó ọ́fíìsì létí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn ọmọ ń jẹ owó òkú. Lóòótọ́, pọ́tàlì ní àyè tí wọ́n ti ń sọ pé ẹni kan kú. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú búráósà àtijọ́, mo tẹ ọfà, ó gbé wa lọ sínú tuntun. Kámẹ́rà tàn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó ni àkáǹtì wojú kámẹ́rà.

Ọmọ náà wò mí. Èmi òmùgọ̀, mo tún tẹ ọfà padà, bóyá búráósà kejì á sọ nǹkan míì. Ó ní òun kò rí kámẹ́rà kankan. Nígbà tí ọmọ Bàbá gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀, wọ́n ní orí pọ́tàlì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, Ọ̀jọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹ̀rọ mi tuntun, ṣùgbọ́n mo ṣì fi búráósà méjèèjì àti àfikún yẹn sí i, torí ó ti mọ́ mi lára. Ímeèlì mi kò yí padà. Bí àsìkò bá ti tó lọ́dọọdún, ìkìlọ̀ á wọlé ní orúkọ Bàbá Tíṣà, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wá fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè. Inú á kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà, màá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kì í gbọ́. Àfikún á wá bi mí, bó ṣe máa ń ṣe, pé inú búráósà wo ni kí òun ti ṣí i, àtijọ́ ni àbí tuntun. Màá wo méjèèjì, màá sì pa kọ̀ǹpútà náà dé.